Ká Tọ Iná Lẹ́sẹ̀ Kí A Tó Ra Ẹ̀yà Tuntun

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi epo ṣiṣẹ́ bá kọ̀ tí kò jí, tí ó sì ti hàn pé ọ̀rọ̀ iná ni, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ra ẹ̀yà kan, wọ́n á fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa retí pé kí Ọlọ́run ṣe é. Bí kò bá jí, wọ́n á tún ra òmíràn. Iṣẹ́ iná alùpùpù ni mò ń ṣe ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Pobẹ̀, mo sì ti rí alùpùpù tí olówó rẹ̀ ti ra ẹ̀yà sí lára títí tí owó ẹ̀yà náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó alùpùpù, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo tó já sínú ike rẹ̀ ló fa gbogbo wàhálà náà. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí, èyí tí mo gbà tọkàntọkàn pé òun ló tọ́: kí a tọ iná lẹ́sẹ̀ láti ibi tí ó ti ń jáde títí dé ibi tí ó ti ń ta, kí a má sì ṣe ná kọ́bọ̀ kan títí a ó fi mọ ibi tí ó dúró sí. Ẹ̀rọ tí n ó fi ṣàlàyé rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ń gùn ní Kétu. Alùpùpù orí yìnyín ni, èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn rí, tí mo sì bá wọn wá àìsàn rẹ̀ láti orí tẹlifóònù.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní ìgbèríko Québec ní Kánádà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ní igbó igi maple. Wọ́n máa ń gba oje ara igi yìí nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á sì sè é títí yóò fi ki, tí yóò sì dùn. Inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ta láti igi dé igi ni oje náà ń gbà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa yẹ àwọn rọ́bà náà wò kí àkókò oje tó dé, nítorí pé ẹ̀ka igi máa ń wó lù wọ́n, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ sì máa ń gé wọn jẹ. Òjò dídì inú igbó náà máa ń mu ènìyàn dé itan, nítorí náà alùpùpù orí yìnyín ni wọ́n ń gùn wọ ibẹ̀. Kò ní táyà. Ohun pẹlẹbẹ gígùn méjì ló fi ń yọ̀ lọ níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan ló sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ tí ó ń tì í lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi ti pẹ́ láyé: sìlíńdà méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, irú èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, kábúrétọ̀ ló ń lò, kò ní báttìrì rárá, okùn ni wọ́n sì ń fà kí ó tó jí.

Ẹni tó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun tí gbogbo ènìyàn lè ní ni Joseph-Armand Bombardier, mẹkáníìkì ọmọ ìlú Valcourt ní Québec, tí wọ́n bí ní ọdún 1907. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń gbìyànjú láti ṣe ọkọ̀ tí yóò lè rìn lórí òjò dídì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1934, ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì ṣàìsàn, òjò dídì sì ti dí ọ̀nà pa, wọn kò rí bí wọn yóò ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì kú. Ní 1937, Bombardier gba ìwé àṣẹ lórí bí àgbá eléyín ṣe ń yí bẹ́líìtì tó ń ti ọkọ̀ náà lọ. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò ló kọ́kọ́ ṣe, nígbà tí ó sì di 1959 ó gbé Ski-Doo jáde, èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kan tàbí méjì fi lè gùn ún bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó kú ní 1964. Ọmọ ọdún méjì yẹn ni mo máa ń rántí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ohun ìṣeré ni alùpùpù yìnyín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, orí zémidjan, ìyẹn alùpùpù akérò, ni ọ̀pọ̀ aboyún tó ń rọbí ń gbà dé ilé ìwòsàn láti abúlé ní òru, nítorí pé kò sí ọkọ̀ mìíràn ní wákàtí bẹ́ẹ̀. Alùpùpù tó bá kọ̀ láti jí ní irú àkókò yẹn lè pa ẹni méjì, ìdí nìyí tí mi ò fi lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí àbúrò mi pè mí, ọ̀sán ti pọ́n ní Kétu, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀ ni, nítorí pé wákàtí mẹ́fà ni a fi ṣíwájú wọn ní ìgbà òtútù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti fa okùn yìí títí apá fi ń ro mí, kò tilẹ̀ wúkọ́." Ọ̀gá rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe kan, wọ́n sì ti sọ fún un níbẹ̀ pé CDI, àpótí kékeré tó ń kó iná jọ kí ó tó ta lórí plọ́ọ̀gì, ló ti kú, kí ó lọ ra tuntun. Owó tí wọ́n pè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá náà fi ń rò ó bóyá kí òun kúkú ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo bi àbúrò mi pé, "Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé CDI ni?" Ó ní wọn kò sọ. "Iná kò sá à ta lórí plọ́ọ̀gì, Ẹ̀gbọ́n."

Bí iná kò bá ta lórí plọ́ọ̀gì, ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé iná ti dúró síbì kan lójú ọ̀nà. Kò sọ ibi tí ó dúró sí fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀nà náà kalẹ̀ kí ẹ lè bá mi tọ̀ ọ́. Àwa tí a wà ní ìhà Benin máa ń fi orúkọ Faransé pe àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n n ó lo plọ́ọ̀gì, káyílì àti ẹ́ẹ̀tì kí àwọn òǹkàwé tó wà ní Nàìjíríà náà lè bá mi lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹ́ńjìnnì, irin rìbìtì wíwúwo kan wà tó ń yí, wọ́n sì to òòfà mọ́ inú rẹ̀. Nínú irin rìbìtì yìí ni wọ́n de àwọn wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin sí, èyí tí à ń pè ní stator. Òun kì í yí. Bí òòfà ṣe ń kọjá níwájú bàbà náà ni iná ń jáde lára rẹ̀, ìlànà tí Michael Faraday fi han aráyé ní ọdún 1831. Apá kan nínú wáyà wọ̀nyí wà fún iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, apá kan sì wà fún CDI nìkan. Bí ẹni tó ń fi ife bu omi kún korobá ni CDI ṣe ń gba iná tirẹ̀ sínú; nígbà tí káyílì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rìbìtì náà bá sì ta á lólobó pé písítìnì ti dé ibi tó yẹ, yóò da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú káyílì ńlá. Káyílì ńlá ló ń gbé iná tó jẹ́ fólítì ọgọ́rùn-ún mélòó kan ga di èyí tó lé ní fólítì 10,000, agbára yẹn ló sì ń jẹ́ kí iná lè fo àlàfo orí plọ́ọ̀gì kọjá, àlàfo tí kò tó mílímítà 1. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbàkígbà tí irin náà bá yí po.

Àwọn ibi tí iná ti lè dúró kò pọ̀. Stator lè bàjẹ́, káyílì kékeré tó ń ta á lólobó lè bàjẹ́, CDI lè kú, káyílì ńlá lè já nínú, bọ́ọ̀nù orí plọ́ọ̀gì, ìyẹn ìdérí tó so wáyà mọ́ plọ́ọ̀gì, lè jẹrà, plọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ lè kú. Láàárín gbogbo wọn ni wáyà àti ìsopọ̀ wà, ìrírí mi sì ti fi hàn mí pé àárín ibẹ̀ ni àìsàn fẹ́ràn jù.

Kí a tó wọ ọ̀rọ̀ iná, mo ní kí ó kọ́kọ́ tú plọ́ọ̀gì méjèèjì jáde kí ó sì gbé wọn sí iwájú kámẹ́rà. Wọ́n tutù fún epo. Ìyẹn jẹ́ kí a mọ̀ pé epo ń dé, a sì lè fi kábúrétọ̀ sílẹ̀ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó nù wọ́n gbẹ, kí ó fi wọ́n padà sínú bọ́ọ̀nù wọn, kí ó fi ara irin plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ti ibi tí kò ní ọ̀dà lórí ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ihò tí ó ti yọ wọ́n, kí ẹnì kejì sì fa okùn. Mo kìlọ̀ fún un dáadáa lórí jíjìnnà sí ihò yẹn, nítorí pé èéfín epo máa ń tú jáde níbẹ̀ nígbà tí písítìnì bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo sì tó láti gbé e. Àwa tí a ń gbé láàárín ìgò kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n tò sí etí ọ̀nà, mọ ohun tí epo ń ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná ilé epo irú bẹ́ẹ̀ ní Sèmè-Kraké pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Mo tún sọ fún un pé kí ó má ṣe fa okùn nígbà tí bọ́ọ̀nù bá ṣí sílẹ̀ láìsí plọ́ọ̀gì nínú rẹ̀, nítorí pé iná tí kò bá rí ibi tí yóò jáde sí lè fọ́ káyílì tàbí CDI láti inú.

Iná kò ta lórí ìkankan nínú àwọn plọ́ọ̀gì méjèèjì. Ó kàn án lára, ó mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n inú tèmi dùn sí i, nítorí pé ohun tí a rí yìí ti dín iṣẹ́ kù. Ká ní ọ̀kan ta tí èkejì kò ta ni, ìhà plọ́ọ̀gì, bọ́ọ̀nù àti wáyà òkè la bá gbà lọ. Bí méjèèjì bá kú pọ̀, ó ṣòro kí plọ́ọ̀gì méjì ti bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni a gbọ́dọ̀ wá.

Ibi tó kàn ni ẹ̀ka kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí. Bí a bá fẹ́ kí irú ẹ́ńjìnnì yìí kú, a kì í gé iná rẹ̀. Ńṣe ni a ń darí rẹ̀ sínú irin ẹ́ńjìnnì kí ó tó dé káyílì ńlá. Wáyà kan ló ń jáde láti ara CDI tó ń lọ sí gbogbo súìṣì tó lè pa ẹ́ńjìnnì, bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá sì so wáyà yìí mọ́ irin, iná kò ní ta. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ń ti China wá sí ọ̀dọ̀ wa, wáyà dúdú tó ní ìlà funfun ni. Lórí alùpùpù yìnyín, súìṣì tó wà lójú wáyà yìí ju tiwa lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, bọ́tìnnì pupa wà lórí ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀, okùn kan sì wà tí ẹni tó ń gùn ún ń so mọ́ ara aṣọ rẹ̀, èyí tó fi jẹ́ pé bí ó bá ṣubú, okùn náà á fà yọ kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀ dípò kí ó máa sáré lọ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Àwọn kan tún ní súìṣì lábẹ́ ibi tí à ń tẹ̀ fún eré, tí yóò pa ẹ́ńjìnnì bí wáyà eré bá dì mọ́ yìnyín ní ibi tó ṣí sí. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ronú kan gbogbo èyí. Síbẹ̀, súìṣì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìsopọ̀ kan sí i, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí omi lè gbà wọlé.

Nítorí náà, mo ní kí ó wá ibi tí wáyà súìṣì wọ̀nyí ti pàdé CDI, kí ó tú ìsopọ̀ ọ̀hún, kí ó sì tún wo plọ́ọ̀gì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i, nítorí pé ìbọ̀wọ́ kò jẹ́ kó lè di nǹkan kékeré mú, òtútù kò sì jẹ́ kó lè bọ́ ìbọ̀wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó tú u tán, ẹnì kejì fa okùn, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀ kí àwòrán tó dé: "Ẹ̀gbọ́n! Ó ń ta! Méjèèjì ló ń ta!" Ẹ̀ta iná búlúù ni, ó mọ́lẹ̀, ó sì ń dún kẹ́ kẹ́. Stator, CDI àti káyílì ńlá, gbogbo wọn yè. Àpótí olówó ńlá tí wọ́n ní kí ọ̀gá rẹ̀ lọ rà kò ní ẹ̀sùn kankan, wáyà kan tí ó tú ló sì fi hàn.

Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ fi ìsopọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó máa gùn ún lọ. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú wáyà yẹn kò ní bọ́tìnnì tó lè pa á mọ́, okùn ara aṣọ náà kò sì ní ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣubú nínú igbó tí ẹ̀rọ náà sì ń sáré lọ, tàbí tí wáyà eré bá dì, kò sí ohun tí yóò dá a dúró. Mo sọ fún un pé àyẹ̀wò nìkan ni a tú u fún, a kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan ní Kétu náà máa ń gé wáyà yẹn dànù lórí alùpùpù wọn, tí wọ́n á sì máa fi kábúrétọ̀ pa ẹ́ńjìnnì; mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn jà lórí rẹ̀. Kí n tún fi kún un pé lórí àwọn kan nínú àwọn alùpùpù yìnyín tuntun, kọ́kọ́rọ́ ara okùn náà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ń kà, irú àyẹ̀wò tí mo sọ yìí kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà ni kí ènìyàn tẹ̀ lé.

Mítà ló kàn. Ó ní mítà kékeré kan, mo sì ní kí ó yí i sí ibi tí ó ti ń dún nígbà tí wáyà méjì bá kan ara wọn. Kí ó fi ẹnu kan mítà náà sí wáyà súìṣì tí ó tú, kí ó fi ẹnu kejì sí irin ẹ́ńjìnnì, kí kọ́kọ́rọ́ àti bọ́tìnnì wà ní ibi tí ẹ́ńjìnnì ti yẹ kí ó jí, kí okùn náà sì wà ní àyè rẹ̀. Mítà kò gbọ́dọ̀ dún. Ó dún. Mo ní kí ó tú ìsopọ̀ bọ́tìnnì, ó ṣì ń dún. Kí ó tú ti kọ́kọ́rọ́, ó ṣì ń dún. Kí ó tú ti okùn, kò dákẹ́. Nígbà tí gbogbo súìṣì ti kúrò lójú ọ̀nà tí mítà sì ń dún síbẹ̀, ó ku wáyà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé, "Apá wo ni o yí ọwọ́ rẹ̀ sí?" Ó ní apá ọ̀tún ni. "Yí i sí òsì." Ó yí i, mítà dákẹ́. Ó yí i padà sí ọ̀tún, ó tún dún.

Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí tó irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, nígbà tí àìsàn tó ń sá pamọ́ bá dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ òpó tí ọwọ́ náà ń yí lé lórí. Àwọn wáyà tó ń bọ̀ láti òkè wà nínú ike dúdú kan níbẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tí etí rẹ̀ mú kọjá. Nígbàkígbà tí wọ́n bá yí ọwọ́ sí ọ̀tún, irin náà ń ha ike ọ̀hún. Ó ti ha á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ike òde ti là, ike ara wáyà náà ti fẹ́lẹ́, ojú bàbà sì hàn síta ní ibi tí kò tó mílímítà 3, ó ti di àwọ̀ ewé nítorí omi yìnyín tó ń yọ́ sí i lára. Ibi tí bàbà yẹn ń kàn lára irin ti dán nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Òtútù náà wà nínú ẹjọ́ yìí, nítorí pé ike wáyà máa ń le gbagidi nígbà tí ojú ọjọ́ bá lọ sí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo, kì í tẹ̀ bí ó ti ń tẹ̀ nígbà ooru, ó sì ń tètè là.

Mo ní kí ó má ṣe fi tépù lásán wé e, nítorí pé gọ́ọ̀mù tépù kì í mú nínú òtútù àti omi. Ó gé ibi tó ti di ewé náà kúrò títí dé ibi tí bàbà ti pọ́n, ó fi wáyà kékeré kan tó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀ dí àlàfo náà, ó jó o pọ̀, ó fi ike tó ń fún mọ́ra nígbà tí iná bá ràn án bò ó, lẹ́yìn náà ó gbé gbogbo wáyà náà gba ọ̀nà mìíràn tí irin kò ti lè kàn án, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un kí ó má baà fà nígbà tí ọwọ́ bá yí. Ó so gbogbo súìṣì padà, ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan pé wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn èyí ni mo tó gbà kí ó gùn ún.

Ní Kétu, eruku pupa, òjò àti ooru ló ń ṣe iṣẹ́ tí yìnyín ń ṣe ní ọ̀hún. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń wọ inú súìṣì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, eruku yẹn á di ẹrẹ̀, ìsopọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Àìsàn kan tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí ooru ni ti stator tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tó sì ń kú nígbà tó bá gbóná. Oní-zémidjan á gbé èrò láti Kétu lọ sí Illara láìsí ìyọnu, á dúró kí ó mu omi, alùpùpù kò sì ní jí mọ́ títí yóò fi tutù. Bí a bá wọn stator irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, mítà á sọ pé ó yè. Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí wáyà bàbà tó ti là nínú bá fẹ̀ kúrò lára ara rẹ̀, ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi àwọn oníbàárà mi ní ìbéèrè púpọ̀ kí n tó mú irinṣẹ́: ìgbà wo ló kú, ṣé ó gbóná, ṣé òjò rọ̀, ta ló fọ̀ ọ́, apá wo ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Àwọn kan máa ń bínú pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ìdáhùn wọn ni ó ń fi ìdajì iṣẹ́ náà hàn mí.

Èyí tó ní báttìrì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti tọ̀. Báttìrì fólítì 12 tó kún yẹ kí ó kà tó 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá wà ní ìsinmi. Bí ó bá já wálẹ̀ ju 10 lọ nígbà tí ìstátà, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ń yí, a jẹ́ pé báttìrì náà kò ní agbára mọ́. Ṣùgbọ́n bí báttìrì bá yè tí ìstátà sì ń dún kì kì lásán, wáyà ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn wáyà tó so báttìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ fi mítà sí orí báttìrì níhà òdì àti sí irin ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹnì kan ń tẹ ìstátà. Bí ó bá kà ju ìdajì fólítì lọ, iná ń ṣòfò nínú wáyà yẹn tàbí ní ẹnu rẹ̀. Ẹ fi bébà oníyanrìn fá ẹnu rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì dè é le. Ní Québec, òtútù tún ń dá kún un: báttìrì olómi ásíìdì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára tí ó fi ń yí ìstátà ní ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo, èyí tí iná ti tán nínú rẹ̀ sì lè dì kí ara rẹ̀ là, nítorí pé omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i lórí CDI, nítorí pé ó ń dùn mí. Nínú gbogbo ẹ̀yà iná alùpùpù, òun ni wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn jù, òun náà sì wà lára àwọn tó jẹ̀bi kéré jù. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti dí i pa, a kò lè ṣí i wo inú rẹ̀, mítà lásán kò sì lè sọ bóyá ó yè. Ohun tí a kò lè rí inú rẹ̀ ni ó rọrùn láti di ẹ̀bi rù. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láti lọ ra á, tí wọ́n á sì padà dé Kétu pẹ̀lú àìsàn kan náà. Mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ìgbà tí gbogbo ohun tó ń wọ inú CDI bá pé, tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára, tí wọ́n ti tú wáyà tó ń pa á, tí káyílì ńlá àti bọ́ọ̀nù sì yè, tí iná kò sì jáde síbẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni a lè dá a lẹ́bi. Wíwọn àwọn yòókù kò le. Apá àkọ́kọ́ káyílì ńlá sábà máa ń kà kéré sí óòmù 1, apá kejì rẹ̀ á kà ẹgbẹ̀rún óòmù mélòó kan, bọ́ọ̀nù tó ní ìdènà nínú sì máa ń kà nǹkan bí óòmù 5,000. Ti stator yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, inú ìwé ẹni tó ṣe é ni a ti ń wá a. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá tíì lè fi ìka tọ́ka sí ọ̀nà iná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí alùpùpù tó wà níwájú rẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ó sọ fún oníbàárà pé kí ó lọ ra nǹkan.

Ohun tó kù tí mo bá àbúrò mi sọ jẹ́ ti ìgbà tí òjò dídì bá yọ́ tán, tí wọ́n á ti ẹ̀rọ náà sínú abà títí òtútù mìíràn yóò fi dé. Eku máa ń fi abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ilé ní àwọn oṣù yẹn, wọ́n sì máa ń jẹ ike wáyà. Mo ní kí ó dí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ti èéfín pẹ̀lú aṣọ, kí ó so àmì mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé láti yọ aṣọ náà kí wọ́n tó jí i, kí ó tú ìsopọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ó gbẹ, kí ó fi gírísì tí kì í gbé iná pa ẹnu wọn kí ó tó so wọ́n padà, kí ó sì yẹ gbogbo ibi tí wáyà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń yí wò. Mo tún ní kí ó ya àwòrán ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó tú u, kí ó sì kọ àwọ̀ wáyà àti ohun tí mítà kà lórí rẹ̀ sínú ìwé kan tí yóò máa wà lábẹ́ àga ẹ̀rọ náà, kí ẹni tó bá fẹ́ wá àìsàn rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn lè ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.